Èsì: Ṣé ó burú kí eré ọba yí ìtàn padà?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ó burú kí eré ọba orí tẹlifíṣọ̀n bu iyọ̀ sí ìtàn kó lè dùn. Ọ̀rọ̀ tí ọba àti olorì sọ ní yàrá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Kí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú hun ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣeré Kòsọ́kọ́, ọba Èkó àtijọ́, kò gbọdọ̀ fi Akítóyè tó bá a du oyè nìkan ṣe ajagunṣẹ́gun: ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851. Ọ̀dọ̀ wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí ló wá tẹ̀dó sí, kó tó padà ní 1862. Àwọn ọmọ àwọn tó bá a wá ṣì wà ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, àdúgbò wọn nínú ìlú wa. Bí eré bá pa irú èyí rẹ́, ìyá àgbà mi a dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, a ní, "Irọ́ ni!" Àwọn ọmọ kékeré tó jókòó sórí ẹní ló ń rò, torí wọ́n ń gba eré náà gbọ́.