Ọmọ ọdún 36 ni mí: ṣé mo ṣì lè di lọ́yà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ìjọba ni mí ní Ìsẹ́yìn, ọmọ ọdún 36 ni mí, mo sì gba oyè B.Ed. nínú ẹ̀kọ́ Economics. Láti kékeré ni iṣẹ́ lọ́yà ti ń wù mí. Ọkọ mi ò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé kò ti pẹ́ jù? Ọdún mélòó ló máa gbà? Ṣé mo lè máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí n má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ó gbọ́n.

Ti ọjọ́ orí kò le rárá. Awólọ́wọ̀ ti ra kòkó, ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ó ti ṣiṣẹ́ ìròyìn kó tó lọ sí London ní 1944. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tí wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí lọ́yà ní 1946, ìyàwó àti ọmọ sì wà nílé tó ń dúró dè é.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú lẹ́tà yín ni òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Council of Legal Education ló ń fọwọ́ sí yunifásítì tó lè kọ́ni ní òfin, àwọn náà ló sì ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún sí Law School, ilé ìwé tí ẹni tó ti gba oyè òfin ń lọ kó tó di lọ́yà. Wọn kì í gba LL.B., ìyẹn oyè òfin, tí èèyàn fi pátì-táìmù kà. Ẹni yòówù tó bá ń polówó rẹ̀ fún yín, ẹ yà fún un. Ti iye yẹn náà ṣe pàtàkì: àwọn ilé ìwé kan ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ju iye tí wọ́n fún wọn lọ, àwọn ọmọ á wá jáde tán, wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á máa retí ìgbà tó máa kàn wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní fákọ́tì: àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, ṣé gbogbo wọn ti lọ sí Law School? Tí wọ́n bá ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, ẹ wá ibòmíràn.

Oyè tí ẹ ní máa jẹ́ kí ẹ gba Direct Entry ti JAMB, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 200 level. Ọdún mẹ́rin nìyẹn dípò márùn-ún. Law School á sì gbà tó ọdún kan. Ẹ fi ti ìyanṣẹ́lódì ASUU kún un fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ yẹ èsì WAEC yín wò lálẹ́ yìí. Kírẹ́dítì nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò tó, wọ́n á tún béèrè Literature in English, ibẹ̀ ló sì máa ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ka Economics lójijì. Tí kò bá sí, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún NECO tàbí GCE.

Èkó ni Law School ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963, Bwari ní Àbújá sì ni olú ilé rẹ̀ báyìí. Ó ní ẹ̀ka káàkiri, wọ́n sì lè gbé yín láti Ìsẹ́yìn lọ sí Yola, nítorí náà tí ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ ti máa wá ẹni tó máa dúró tì wọ́n. Aṣọ dúdú àti funfun lẹ máa wọ̀ lójoojúmọ́. Ìwé márùn-ún lẹ máa ṣe ìdánwò lé lórí, èyí tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe dáadáa jù lọ kọ́ ni wọ́n máa wò. Èyí tó kéré jù ni wọ́n máa fi ṣe ìwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gba first class nínú ìwé mẹ́rin, tó wá gba páàsì lásán nínú ìkarùn-ún, páàsì ló gbé lọ sílé. Mo ti rí àwọn tó mọ̀wé dáadáa tí ìwé kan ṣoṣo tí wọn ò fẹ́ràn fà wọ́n wálẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe aláàbọ̀ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni mìíràn. Iṣẹ́ oko nìkan ló yọ sílẹ̀. Ẹ lè gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbowó ẹjọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba wíìgì, ẹ máa yàn: kí ẹ kúrò, tàbí kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé yín lọ sí ẹ̀ka òfin ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Ní tèmi, ti ẹ̀ka òfin bọ́ sí i fún ẹni tó ti ní ìdílé. Owó tí wọ́n ń fún lọ́yà tuntun ní ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, kéré, ọdún àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì gbígbé fáìlì tẹ̀lé ọ̀gá lọ sí kọ́ọ̀tù, kí adájọ́ sì sún ẹjọ́ síwájú. Àwọn tó tètè ń rí jẹ lágbègbè wa ni àwọn tó mọ ìwé ilẹ̀ ṣe dáadáa.

Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì fún study leave, ìyẹn àyè láti lọ kàwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá owó oṣù á máa wọlé tàbí kò ní máa wọlé.