Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìkókó tó bá ìkún omi Ànábì Nuhu lọ?

Ìbéèrè: Asalāmu alaykum, Àáfà. Ọmọ mi kó ìtàn Ànábì Nuhu dé láti ilé-kéú, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, àwọn ọmọ ọwọ́ tó kú sínú omi yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe?" Mo ní kó dákẹ́, pé a kì í bi Ọlọ́hun ní irú ìyẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń jẹ èmi gan-an lọ́kàn. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ti bàjẹ́ ni, kí n tún kálímà ṣe? Kí ni kí n sọ fún ọmọ? Bí àgbàrá bá sì gbé èèyàn lọ lóde òní, ṣé a lè ní Ọlọ́hun ló ń fìyà jẹ wọ́n?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salām, ìyá wa. Kò sí ohun tó ṣe kálímà yín. Àwọn Sàhábà kan wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), wọ́n ní àwọn ń rí ohun kan lọ́kàn àwọn tí ẹnu àwọn ò gbọdọ̀ sọ. Ó bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìgbàgbọ́ tó dájú nìyẹn. Inú ìwé hádíìsì Sahih Muslim ló wà. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti kú, kí ni irú ọ̀rọ̀ yẹn máa dùn ún sí?

Ọmọ náà kò sì ṣẹ̀. Ànábì Ibrahim bá Ọlọ́hun jiyàn lórí ìjọ Lut tí Ó fẹ́ pa run, ó wà nínú Súrà Hud. Ọlọ́hun ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ torí àṣẹ ti jáde, ṣùgbọ́n Ó ti kọ́kọ́ yìn ín pé aláfaradà ni, aláàánú èèyàn ni. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni ká pe Ọlọ́hun lẹ́jọ́. Ká bèèrè kó lè yé wa kì í ṣe ẹjọ́.

Ó wá ku àwọn ìkókó. Ìtàn méjì ni ẹ óò máa gbọ́ níbi wáàsí. Àkọ́kọ́ ni ti ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ gun òkè, tó ń gbé e sókè títí omi fi bo àwọn méjèèjì. Wọ́n gbà á wá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wá kò lágbára, àjèjì hádíìsì ni Ibn Kathir onítafusíìrù pè é. Èkejì ni pé Ọlọ́hun ti sé àwọn obìnrin wọn nínú fún 40 ọdún ṣáájú ìkún omi, nítorí náà kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀. Àwọn onítafusíìrù kan sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú Kùránì, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó gbè é lẹ́yìn. (Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwáàsí kan náà tó sọ àkọ́kọ́.) N kò ní fi ìyẹn sá fún ìbéèrè ọmọ yín.

Ohun tí mo dì mú ni hádíìsì ìyá wa Aisha nínú Bukhari. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní ọmọ ogun kan yóò dojú kọ Kaaba, ilẹ̀ yóò sì gbé wọn mì láti orí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni ìkẹyìn. Aisha béèrè lójú ẹsẹ̀: báwo ni yóò ṣe gbé gbogbo wọn mì, nígbà tí àwọn ọlọ́jà wà láàárín wọn, àti àwọn tí kì í ṣe ara wọn? Èsì rẹ̀ ni pé gbogbo wọn ni ilẹ̀ yóò gbé mì, lẹ́yìn náà a ó gbé wọn dìde lórí àníyàn oníkálukú. Ìbéèrè ọmọ yín gan-an ni Aisha béèrè, wọn ò sì ní kó dákẹ́. Ikú lè kó wọn pọ̀, ìdájọ́ kò ní kó wọn pọ̀.

Ọmọdé kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀ṣẹ̀, torí a ti gbé gègé kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi bàlágà. Nínú àlá tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lá, tí Sàhábà rẹ̀ Samura gbà wá, ó rí Ànábì Ibrahim nínú ọgbà kan pẹ̀lú àwọn ọmọdé yí i ká. Àwọn Sàhábà bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé, àwọn ọmọ ọ̀ṣẹbọ ńkọ́? Ó ní àwọn ọmọ ọ̀ṣẹbọ pẹ̀lú. Àwọn onímímọ̀ kan ní a óò dán wọn wò lọ́jọ́ Àlùkìyámà, ṣùgbọ́n Nawawi ní ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà ni pé Àlùjánnà ni wọ́n wà, òun ni èmi náà mú. Ẹ fi wé ọmọ Ànábì Nuhu: ó ti gbọ́n, bàbá rẹ̀ pè é wọ ọkọ̀, ó ní òun yóò gun òkè. Òun ló yan tirẹ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé àwọn ìkókó náà kú, wọn kò sì jẹ̀bi, pé Ànábì Ibrahim ló ń tọ́jú irú wọn.

Ní ti àgbàrá òde òní, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló sọ fún wa pé ìyà ni ti ìjọ Nuhu, lẹ́yìn 950 ọdún tó fi wà láàárín wọn. Ta ló sọ fún wa nípa ti odò Ògùnpa tó ya wọ Ìbàdàn lọ́dún 1980? Pàǹtírí tó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sọ́nà omi, ọwọ́ wa ni. Mùsùlùmí tí omi gbé lọ, ṣàhíìdì ni hádíìsì pè é. Bí ẹ bá rí òkú rẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ kírun sí i lára bíi ti Mùsùlùmí yòókù. Ṣàhíìdì ojú ogun nìkan ni a kì í wẹ̀.