Ṣé Ó Léwu Kí Kọ̀ǹpútà Wà Lórí Iná Nígbà Tí Kò Sẹ́ni Nílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan nílé tí n kì í pa, nítorí ó máa ń gba àwọn fáìlì ńlá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òru, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ tí kì í sinmi yóò gbóná títí yóò fi dáná sun ilé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, nítorí sítébiláísà gidi ni mo ń lò. Ta ló jàre nínú wa?

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó fojú sí kọ́ ni ewu náà ti ń bọ̀. Iṣẹ́ kì í rẹ kọ̀ǹpútà bó ṣe ń rẹ ènìyàn. Bí inú rẹ̀ bá gbóná jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ dẹwọ́ iṣẹ́, bí ooru náà kò bá sì rọlẹ̀, wọn yóò pa ara wọn. Ẹ ṣáà máa gbá eruku ọyẹ́ kúrò lójú fáànù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sítébiláísà yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń tà á ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Iná tó yẹ kó wọlé wa jẹ́ fóltì 230. Bó bá wálẹ̀, sítébiláísà yóò gbé e sókè. Bó bá ga díẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá sì ga kọjá agbára rẹ̀, èyí tó jẹ́ ojúlówó yóò gé e. Iṣẹ́ rẹ̀ tán síbẹ̀. Bí wáyà nútrà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, bá já lórí òpó, iná tó ń wọ ilé lè ga títí yóò fi sún mọ́ fóltì 400, ọ̀pọ̀ sítébiláísà tí a ń lò nílé ni kò sì lè fara da ìyẹn. Mo ti tú èyí tí òun fúnra rẹ̀ jó di èédú.

Ká tiẹ̀ ní iná dúró ní 230 láti àárọ̀ dalẹ́, ewu tí mo ń bẹ̀rù jù ṣì wà níbi tí irin ti pàdé irin: ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì àti inú ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n. Oníbàárà kan gbé ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tirẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo tú u, ahọ́n bàbà tó yẹ kó di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú ti là gbàgà, ó ti dúdú, ike tó yí i ká ti yọ́ bí àbẹ́là, ó sì ń rùn bí ẹja tó jóná. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà kankan. Nígbà tí ojú ìpàdé irin bá dẹ̀, iná tó ń kọjá níbẹ̀ kì í pọ̀ sí i. Ooru ló ń kó jọ sójú kan. Iye iná tó ń kọjá ni fíúsì ámpù 13 inú púlọ́ọ̀gì ń ṣọ́, fóltì sì ni sítébiláísà ń wò, nítorí náà kò sí èyí tó ń ṣọ́ ooru yẹn nínú àwọn méjèèjì. Imú ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin sì wà níbi iṣẹ́.

Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà nìkan kì í fa iná púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò nílé kì í ju wáàtì 200 lọ. Àmọ́ ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan náà ni a máa ń ki firíìjì àti áyọ́ọ̀nù bọ̀, áyọ́ọ̀nù nìkan sì lè fa 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà yín bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. Ẹ jẹ́ kó máa gba fáìlì nígbà tí ẹnì kan bá wà nílé tí kò sùn, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì náà bí ẹ bá ń jáde. Bí ẹ bá tẹ Sleep, ooru yóò dínkù, àmọ́ iná tó bá fipá dé lójijì ṣì lè wọ inú rẹ̀. Ní ti ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù, kó má fi sórí bẹ́ẹ̀dì rárá, bí bátìrì rẹ̀ bá sì ti wú, kó má tún fi iná sí i mọ́.

N kò rí ilé yín, nítorí náà n kò lè sọ bí wáyà inú ògiri rẹ̀ ti rí. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló yẹ kó wá wò ó. Àmọ́ kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ike púlọ́ọ̀gì náà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa iná ibẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì pe ìyàwó yín wá fọwọ́ kàn án.