"Màámi, àwa Ìjẹ̀bú ńkọ́?"

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Manchester ni à ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ń wo Pachinko, eré tẹlifíṣọ̀n tó jáde ní 2022, tó sọ ìtàn ìdílé Kòríà kan láti ayé ìgbà tí Jàpáànì ń jọba lé wọn lórí. Ó sunkún gidi. Ó wá bi mí pé, "Màámi, àwa Ìjẹ̀bú ńkọ́?" Mo dákẹ́ lọ gbári. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Ṣágámù ni mí, Toronto ni mo ti ń tọ́ àwọn tèmi. Àwa náà jọ wo eré yẹn.

Ẹ má fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Láti 1910 títí di 1945 ni Jàpáànì fi mú Kòríà sìn, ṣùgbọ́n ìrẹsì ló mú mi lọ́kàn jù. Nínú eré náà, ìyá Sunja, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ń bẹ oníṣòwò pé kó ta ìrẹsì funfun díẹ̀ fún òun, kí ọmọ òun tó ṣègbéyàwó lè rí i jẹ kó tó lọ. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti gbìn ín, àwọn ará Jàpáànì ló ń jẹ ẹ́. Sunja darúgbó sí Jàpáànì, ó tọ́ ìrẹsì kan wò nílé obìnrin Kòríà kan tó lọ kí, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ti ilé ni. Ẹ wá ewùrà, ẹ se ìkọ́kọrẹ́ fún ọmọ yín, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń jẹun.

Ẹ sọ fún un pé ní oṣù Karùn-ún 1892, Carter, gómìnà Òyìnbó ní Èkó, rán ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wá bá wa, pẹ̀lú ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra, wọ́n sì ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló fà á: Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà òwò òkè mú, à ń gba owó bodè, a ò sì fẹ́ kí Òyìnbó kọjá. Ẹ má fi pamọ́ fún un pé àwọn Ìbàdàn pàápàá ń fẹ́ kí ọ̀nà yẹn ṣí. Ìjẹ̀bú kan náà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ míṣọ́nnárì ló wá rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé lẹ́yìn ogun náà.

Ilé-ìwé yìí ló kàn mí jù, nítorí ọ̀rọ̀ èdè. Nínú eré yẹn, àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi kọ ìtumọ̀ èdè Kòríà sísàlẹ̀, búlúù ni ti Jàpáànì. Ẹnìkan lè da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, olórí kíláàsì máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ fanákúlà, ìyẹn Yorùbá wa, a ó sì kúnlẹ̀. Òyìnbó ti lọ tipẹ́ nígbà yẹn o! Èmi yìí kan náà ni mo wá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí àwọn ọmọ mi fún ọdún mẹ́wàá.

Alẹ́ tí a wò ó tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Rẹ́mọ sí wọn nídìí oúnjẹ. Àbíkẹ́yìn mi ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n lánàá ó ní, "Daddy, ẹ bá mi bu sí i."