Ta ló ń jẹ yúníìtì wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bándì A la wà l'Ékòó. Yúníìtì 100 tí a bá rà kì í lò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi ń tán. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fi iye iná tí à ń lò hàn lórí fóònù. Mo rí èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tún rí èyí tó ní òrùka tí wọ́n ń fi há wáyà. Owó wọn ò sún mọ́ra rárá. Èwo ni kí n rà? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí yúníìtì Bándì A ti ń lé ní 200 náírà, irú lẹ́tà yín ló pọ̀ jù nínú àpò wa.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ lọ bá mítà yín. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí, tàbí 1600, tàbí 3200. Bó bá jẹ́ 1000, ìgbà 1000 tí iná yẹn bá ṣẹ́jú, yúníìtì kan ti lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ tan ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí mítà 1000, ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀: bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 600 wáàtì ni nǹkan náà ń jẹ. Lórí mítà 1600, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá yẹn kò ju 375 lọ. Bí ẹ bá ti pa gbogbo nǹkan, tó fi mọ́ ìnfátà tó ń gba iná sí bátìrì, tí iná pupa ò sì yéé ṣẹ́jú, ẹ má ì tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá wò ó bóyá wáyà kan ń jò, tàbí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ló ń fa iná lára tiyín.

Èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì dára fún fíríìjì, fíríìsà àti tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹ bá fi sídìí fíríìjì, ẹ jẹ́ kó lo odindi wákàtí 24, nítorí mọ́tò rẹ̀ á ṣiṣẹ́, á sinmi. Wáàtì tí ẹ bá rí ní ìṣẹ́jú kan ò lè sọ ohun tó jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ AC, ẹ̀rọ omi àti hítà balùwẹ̀ kì í gba sọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, àwọn gan-an la sì ń fura sí. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí ẹbí bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá kọ 120V nìkan sẹ́yìn rẹ̀, iná 230 tiwa á sun ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lójú tiwa, olórùka ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo olórùka. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé ó ń wọn fólítéèjì fúnra rẹ̀? Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ áàmpù nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá fi 230 tí wọ́n ti há sórí sọ ọ́ di púpọ̀. Ibi tí fólítéèjì ti ń já wá sí 180 nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Ká ní AC fa áàmpù 5: ẹ̀rọ aláròsọ yẹn á kọ 1150 wáàtì. Fólítéèjì tòótọ́ á mú un wá sí 900. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mọ́tò ń fà kọ́ ni mítà ń kà sí i lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ìdá 85 nínú 100 ni mítà ń kà, 765 ló kù. Èyí tó ń wọn fólítéèjì ní wáyà tín-ín-rín méjì mìíràn tó ń lọ sára láìfù àti níútírà. Shelly EM jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń gba òrùka méjì, ti áàmpù 50 tàbí 120, tí ẹ ó fi lè fi ọ̀kan sórí wáyà tó gbé gbogbo ilé, kí ẹ fi ìkejì ṣọ́ AC.

Nínú àpótí fíúùsì ni kí oníṣẹ́ iná ti so ó, lẹ́yìn tó bá ti pa iná. Kó má fọwọ́ kan èdìdì mítà rárá, wàhálà ló wà níbẹ̀. Wáyà láìfù nìkan ni òrùka ń há. Bó bá há láìfù àti níútírà pọ̀, èyí tó ń lọ á pa èyí tó ń bọ̀ rẹ́, fóònù á sì kọ òdo. Ẹnu òrùka gbọ́dọ̀ pa dé. Ìdọ̀tí bíńtín láàárín rẹ̀ tó láti jẹ́ kó máa ka iná dín. Ilé oní-fẹ́ìsì mẹ́ta nílò ẹ̀rọ olórùka mẹ́ta, kí òrùka pupa má sì lọ sórí wáyà yẹ́lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìsọkúsọ ni ẹ ó máa kà.

Ẹ tún pinnu ibi tó máa wà sí ṣénjóvà. Láàárín mítà àti ṣénjóvà, iná ìjọba nìkan ló máa kà. Lẹ́yìn ṣénjóvà, ó ń ka ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, kò sì ní bá mítà dọ́gba láé. Ẹ fi sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, bí mítà bá yọ yúníìtì 10, tí fóònù kọ 9.7, ó dáa. Bó bá kọ 7, ẹnu òrùka ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ra tèmi, ṣùgbọ́n fóònù mi ò rí i. Wi-Fi wa kò sì ní wàhálà. (Olùkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ ju Wi-Fi 2.4 GHz lọ. Bí ti ilé yín bá pa 2.4 àti 5 pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí ẹ ó fi so ó tán. Àpótí fíúùsì onírin náà sì ń dí i lọ́nà. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wò: bí fóònù bá rí i lójú ẹsẹ̀, inú àpótí oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni kí oníṣẹ́ iná gbé e sí, kó fa wáyà òrùka wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ méjì ló ti jóná lọ́wọ́ mi láàárín ọdún kan. Ṣé ayédèrú ni? (Bàbá Rẹ̀mí)

ÌDÁHÙN: Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Bí níútírà bá já lórí òpó, iná ilé yín lè gòkè sún mọ́ 400 fólítì, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ò sì lè fara da ohun tó ju 265 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń já iná tó bá ga jù ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí 255. Á gba fíríìjì yín là pẹ̀lú.