Texas ni ẹ ti máa rí orúkọ abúlé náà, kì í ṣe Prague

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín pé Texas ni bàbá àgbà ọkọ yín kú sí, pé “Austria” nìkan ni wọ́n kọ sí ibi tí a bí i sí nínú ìwé ikú rẹ̀, pé ẹ ti kọ lẹ́tà sí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ní Prague, olú ìlú ilẹ̀ àwọn Tsẹ́kì, àti pé èsì tí wọ́n fún yín kò ju pé kí ẹ sọ orúkọ abúlé rẹ̀ fún wọn. Ẹ ní ó jọ pé wọ́n kàn fẹ́ lé yín dànù ni. Wọn kò lé yín o. Bí àwọn ìwé wọn ṣe wà gan-an nìyẹn. Àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìwé ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tó kó orúkọ gbogbo ará ilẹ̀ náà jọ. Ẹni tí kò bá mọ abúlé kò lè mọ ìwé tí yóò ṣí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi, Houston ni mò ń gbé, ìyàwó mi sì jẹ́ ìran àwọn Tsẹ́kì tó kó wá sí Fayette County ní Texas níhìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló gbé àpótí ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní àna òun tí kì í yé béèrè orúkọ bàbá àgbà ìyàwó rẹ̀ ni kí ó wá a lọ. Iṣẹ́ náà pẹ́, ó sì le. Ohun tó hàn sí mi níbẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà níhìn-ín ni a ti ń rí orúkọ abúlé, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe inú ìwé ẹni tí à ń wá gan-an ló máa wà.

Ẹ má jẹ́ kí “Austria” inú ìwé ikú yẹn dà yín láàmú. Kí ó tó di ọdún 1918 tí a dá orílẹ̀-èdè Czechoslovakia sílẹ̀, abẹ́ ọba Ọ́stríà ni Bohemia àti Moravia, apá méjì tó tóbi jù ní ilẹ̀ àwọn Tsẹ́kì, wà, nítorí náà ohun tí akọ̀wé bá gbọ́, tàbí ohun tí ó bá rò pé òun gbọ́, ló ń kọ: Austria nínú ìwé kan, Bohemia nínú òmíràn, nígbà mìíràn Jámánì, tó bá sì di ìkànìyàn ọdún 1920 ó lè di Czechoslovakia, ẹnì kan náà ni o. Ìwé tí àwọn àgbà fi di ọmọ Amẹ́ríkà kò ṣàǹfààní púpọ̀ tó bá ti ṣáájú oṣù September ọdún 1906, torí pé ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ kò ju pé ẹni náà kọ Franz Joseph, ọba Ọ́stríà, sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe fọ́ọ̀mù kan náà fún gbogbo kóòtù, tí wọ́n sì ń béèrè ìlú tí a bí ènìyàn sí, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá àti ọjọ́ tó gúnlẹ̀. Bí bàbá yín bá ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn 1906, ẹ lọ béèrè fún un lónìí. Bí ó bá ṣáájú rẹ̀, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ohun kan wà nípa Texas tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bohemia ni púpọ̀ nínú àwọn Tsẹ́kì tó wà ní Nebraska, Iowa àti Chicago ti wá, ṣùgbọ́n Moravia ni èyí tó pọ̀ jù nínú ti Texas ti wá, pàápàá láti ẹsẹ̀ àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ní agbègbè Frenštát, Lichnov àti Vsetín. Lẹ́tà ló fa wọ́n. Pásítọ̀ kan, Josef Bergmann, tó dé Cat Spring ní Texas ní ọdún 1850, kọ̀wé sílé nípa ilẹ̀ tó bá níbẹ̀, àwọn tó gbọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan bá lọ, àbúrò rẹ̀ á tẹ̀lé e, aládùúgbò á tẹ̀lé àbúrò, tó fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé abúlé kan ní Moravia tún ra oko sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní Texas. Dubina ní Fayette County, tí àwọn ìdílé láti Moravia tẹ̀ dó ní ọdún 1856, jẹ́ irú ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má dúró sórí bàbá náà nìkan. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn òbí ìsàmì àwọn ọmọ rẹ̀, àti àwọn tí orúkọ wọn wà lókè àti nísàlẹ̀ tirẹ̀ nínú ìkànìyàn ọdún 1900. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti wá lè jẹ́ ibi tí òun náà ti wá.

Itẹ́ òkú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ má fi fọ́tò tí àwọn ẹlòmíràn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é. Ẹ lọ fúnra yín ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta, torí pé ọ̀sán gangan kì í jẹ́ kí lẹ́tà tó ti ń parẹ́ hàn. Òkúta bàbá àgbà ìyàwó mi kò ní ju orúkọ àti ọdún méjì lọ. Ṣùgbọ́n ní ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ igi óòkù kan, a rí òkúta obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé kò mọ̀, nítorí pé orúkọ ọkọ ló ń jẹ́, àfi pé ọ̀rọ̀ náà “rozená” wà lábẹ́ orúkọ ọkọ yẹn, tí orúkọ ìdílé ìyàwó mi sì tẹ̀lé e. Bí àwọn Tsẹ́kì ṣe ń kọ orúkọ ilé bàbá obìnrin nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà náà ni. Nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù bo ìsàlẹ̀ òkúta náà. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà kan fi yọ: “narozena v Lichnově na Moravě”, ìyẹn ni pé Lichnov ní Moravia ni wọ́n bí i sí. Kò sí ìwé ìjọba kankan nínú gbogbo àpótí yẹn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé Lichnov ni orúkọ abúlé náà, kì í ṣe Lichnově. Ìparí orúkọ máa ń yí padà nínú gbólóhùn Tsẹ́kì, bẹ́ẹ̀ náà ni “z Lichnova” ṣe túmọ̀ sí pé láti Lichnov. Bí ẹ bá tẹ èyí tó wà lórí òkúta sínú máàpù bí ó ṣe rí, ó lè sọ pé kò sí irú ibẹ̀. Lichnov méjì ló tún wà, ọ̀kan nítòsí Frenštát, èkejì nítòsí Bruntál ní Silesia, agbègbè mìíràn tó bá Moravia pààlà. “Na Moravě” ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ Lhota tàbí Nová Ves ní iṣẹ́ lọ́rùn, nítorí Lhota pọ̀ ní ilẹ̀ náà lọ súà, ó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ ìlú ńlá tàbí ìjọ tó wà nítòsí mọ́ ọn.

Bí òkúta kò bá sọ̀rọ̀, ẹ wá ìkéde ikú nínú àwọn ìwé ìròyìn èdè Tsẹ́kì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Texas, bíi Svoboda ní La Grange àti Našinec ní Granger, torí pé ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé olóògbé jẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, nígbà tí ti Tsẹ́kì yóò dárúkọ abúlé. Ìwé ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì dára púpọ̀ bí àlùfáà ibẹ̀ bá jẹ́ Tsẹ́kì. Ẹgbẹ́ adójútòfò wọn, KJT àti SPJST, náà ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní oṣù June ọdún 1917, àti àwọn àgbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ọdún 1942, sọ ibi tí a bí wọn sí. Ní ti ìwé orúkọ èrò ọkọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ti Hamburg, èbúté kan ní Jámánì, láti ọdún 1850 sí 1934 ṣì wà, ó sì ń sọ ìlú tí èrò ti wá, ṣùgbọ́n Bremen, èbúté Jámánì mìíràn, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ sí Galveston, èbúté Texas, ti wọkọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ti da èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn nù nítorí àìsí àyè, ogun sì pa ìyókù run. Àyẹ̀wò DNA lè fi ìbátan hàn yín. Kò lè dárúkọ abúlé.

Orúkọ ènìyàn náà tún ń yí padà. Vojtěch di Albert tàbí Adalbert, Václav di James tàbí Wesley, František di Frank. Àmì orí lẹ́tà wọn ti bọ́ dànù bí wọ́n ṣe ń bọ́ àmì orúkọ tiwa dànù nínú páásípọ́ọ̀tù, nítorí náà ẹ wá orúkọ ìdílé náà pẹ̀lú Š, Č àti Ř, kí ẹ sì rántí pé ti obìnrin sábà máa ń parí sí “-ová”.

Tí abúlé bá ti dájú, iṣẹ́ yí padà pátápátá, ó sì di ọ̀fẹ́. Ilé ìpamọ́ àwọn ẹkùn ti ya àwòrán ìwé àwọn àlùfáà sórí íntánẹ́ẹ̀tì: Opava ló ni apá àríwá Moravia àti Silesia, ibẹ̀ sì ni Frenštát àti Lichnov wà, Brno ló ni apá gúúsù, ti Bohemia sì pín sí Třeboň, Plzeň, Litoměřice, Zámrsk àti Prague. Ẹ wá ìjọ tí abúlé yín wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wá abúlé fúnra rẹ̀. Ìwé ìbí tí kò tíì pé 100 ọdún ṣì wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìlú, àmọ́ ti bàbá yín ti kọjá ìyẹn.

Ojú ìwé kan ní àárín sẹ́ńtúrì 19 kún ju bí ẹ ṣe lérò lọ. Lórí ìlà kan ṣoṣo ni ẹ ó ti rí ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìsàmì, nọ́ḿbà ilé, orúkọ ọmọ, ẹ̀sìn rẹ̀, bóyá inú ìgbéyàwó ni a bí i sí, bàbá pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ àwọn òbí bàbá, ìyá pẹ̀lú orúkọ àwọn òbí tirẹ̀ náà, òbí ìsàmì, àti agbẹ̀bí. Ìran mẹ́ta nìyẹn lórí ìlà kan. Ó lè jẹ́ èdè Tsẹ́kì, Jámánì tàbí Látìnì, ọwọ́ ìkọ̀wé Jámánì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kurrent sì máa kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún kọ. Ẹ di nọ́ḿbà ilé mú ṣinṣin. Láti ìgbà tí Ọba Joseph Kejì ti Ọ́stríà ti pàṣẹ ní ọdún 1784 pé kí ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ḿbà ilé ni a fi ń mọ ìdílé kan yàtọ̀ sí èkejì tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ sì wo iṣẹ́ bàbá: “sedlák” ní oko gidi, ilẹ̀ “chalupník” kéré, “podruh” sì ń gbé ilé onílé, nítorí náà nọ́ḿbà ilé ti podruh lè máa yí padà bí ó ti ń bí ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì àgbélébùú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ náà kú, àwọn òbí sì sábà máa ń sọ ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé e ní orúkọ yẹn gan-an. Lórí ìkànnì kan tí àwọn ènìyàn ń gbé àtẹ ìdílé sí, mo rí bàbá àgbà ìyàwó mi tí wọ́n fún ní ọjọ́ ìbí ọmọ kan tó kú kí ó tó pé ọdún kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti dà á kọ láìṣí ìwé náà wò. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ín. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Orúkọ ilé bàbá ìyá ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí ìwé ikú Texas sábà máa ń ní. Àwòrán àwọn ìwé ikú náà láti 1890 sí 1976 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ìtàn ìdílé tó ń jẹ́ FamilySearch.

Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá ti ní nọ́ḿbà ilé, ẹ wo àwọn máàpù ilẹ̀ tí ìjọba Ọ́stríà yà ní Moravia láàárín 1824 sí 1836, tí wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ilé onígi ni wọ́n kùn ní àwọ̀ yẹ́lò, ti òkúta tàbí bíríkì ní pupa. Yẹ́lò ni ti ìdílé ìyàwó mi, ó wà létí odò, pẹ̀lú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ní àbájọ tí wọ́n fi sá wá sí Texas.

Fún ìsinsìnyí, ẹ fún wa ní orúkọ káúńtì tí bàbá náà kú sí, ẹ̀sìn rẹ̀, àti orúkọ ilé bàbá ìyá rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ìwé ikú. Bí ẹ bá rí ohunkóhun lórí òkúta, ẹ kọ ọ́ síbí lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ẹ má tún un ṣe rárá, kódà bí ó bá jọ àṣìṣe.