Ẹ Bi Wá Nípa Ẹran Ọ̀sìn: Òjò Àkọ́rọ̀ àti Ọmọ Ewúrẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òjò àkọ́rọ̀ tòun ti ìjì àti yìnyín bá ewúrẹ́ mi lóru ọjọ́ tó bímọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ ti kú, èkejì nà gbalaja, kò lè gbé orí. Mo fi ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́nu kí ara rẹ̀ lè móoru, òun náà kú. Kí ló yẹ kí n ṣe? — Màmá kan, Ìta-Ògbólú

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ó jọ pé ògì yẹn ló parí rẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ ti tutù kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa; ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Èyí tó bá tiẹ̀ dé ikùn, kò ní dà. Ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ gbóná ná, kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó wọlé.

Òtútù agbègbè Àkúrẹ́ nìkan kò tó pa ọmọ ewúrẹ́. Omi tó wà lára rẹ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí omi náà, àti ikùn òfìfo ló ń para pọ̀ pa á, kì í sì í pẹ́.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí inú ẹnu bá tutù, ewu ti dé. Tẹmómítà tí à ń tì bọ ìdí ló dára jù: ara ewúrẹ́ tó yá máa ń wà láàárín 38.5 sí 39.5°C. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 37 lọ, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ fi àkísà gbígbẹ tàbí àpò ìdọ̀họ nù ún títí irun rẹ̀ á fi dìde. Ẹ gbé e sínú páálí, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò oníke méjì, ẹ fi aṣọ wé wọn, kí ẹ tẹ́ ọ̀kan sí ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan sí òsì. Omi tí ọwọ́ yín kò bá lè gbà, awọ rẹ̀ náà kò lè gbà á. Ẹ má gbé e ti àdògán, nítorí èéfín, àti nítorí pé iná lè jó ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ìkejì ṣì tutù.

Nígbà tó bá ti ń dá orí gbé, tó sì ń fa ìka yín mu, oúnjẹ yá. Ẹ fún wàrà ìyá rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ jáde, tó ki, tó sì pọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 50 mílílítà fún kílò kan. Ọmọ ewúrẹ́ ilẹ̀ wa sábà máa ń wọn kílò kan sí kílò kan àbọ̀ nígbà tí wọ́n bá bí i, nítorí náà 50 sí 75 mílílítà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kìíní. Ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí mẹ́fà sí ìgbà tí wọ́n bí i. Àjẹsára tó wà lára ìyá kì í dé ara ọmọ ewúrẹ́ nínú oyún. Inú wàrà yìí ló ti ń rí i, ìfun rẹ̀ kì í sì í gbà á wọlé mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan.

Ohun kan kù. Ọmọ tó ti ju wákàtí márùn-ún lọ tí kò fẹnu kan ọmú, tó sì rọ jọ̀bọ̀tọ̀, ọ̀rá tí wọ́n bí mọ́ ọn láti fi mú ara gbóná ti tán. Bí ẹ bá ń mú un gbóná bẹ́ẹ̀ láìsí ṣúgà lára rẹ̀, gìrì lè mú un kó kú. Dókítà ẹran ni kó kọ́kọ́ gún un ní gúlúkóòsì síkùn.

Ẹ tún wo ilé wọn. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ níhìn-ín sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí ojú ilé ewúrẹ́ yín bá kọ síbẹ̀, ẹ kan pákó dí i láti ìsàlẹ̀ dókè. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ mọ ògiri dé mítà kan, kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ pákó sílẹ̀ ilé, àlàfo àárín wọn kò gbọdọ̀ ju sẹ́ńtímítà kan àbọ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ ọmọ má bàa há síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní oko àgùntàn ní Kánádà. Ó ní òjò dídì tún rọ̀ ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí àgùntàn ti ń bímọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ń sáré kiri nínú rẹ̀. Ṣé ẹran òyìnbó le ju tiwa lọ ni? — Bàbá kan, Ìdànrè

Ìdáhùn: Irun wọn nípọn ju ti ewúrẹ́ wa lọ lóòótọ́, bàbá, àmọ́ ohun kan náà ló ń pa wọ́n. Òjò dídì tó gbẹ kì í tètè rin wọ́n dé awọ. Èyí tó ń yọ́, tó sì dà pọ̀ mọ́ òjò, ló burú. Àwọn tí ọmọ yín rí tó ń sáré yẹn ti gbẹ, wọ́n sì ti yó. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà nínú ilé pẹ̀lú ìyá wọn, nínú yàrá kékeré tí wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sí, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹ bá wa kí ọmọbìnrin yín.

Ìbéèrè: Mo ra ewúrẹ́ mẹ́rin lọ́jà, mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ tilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ikun fi ń dà nímú wọn, ẹnu wọn bó, wọ́n sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Mo gún wọn ní tẹtirasáíkílìn, kò ràn. — Oníṣòwò kan, Ìlú Òǹdó

Ìdáhùn: Gbogbo àmì yìí jọ ti kátà, ẹ pe dókítà ẹran kó wò wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kátà, kò sì sí oògùn tó ń pa á. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń gorí rẹ̀ nìkan ni tẹtirasáíkílìn lè bá yín ká lápá kò. Ẹ ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, ẹ máa fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ẹ má sì gbé wọn lọ tà. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín náà nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ní Vom lẹ́bàá Jọs, jẹ́ mílílítà kan lábẹ́ awọ, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́rin lè gbà á. Inú kúlà oníyìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì lò ó tán láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá pò ó. Ẹni tó bá gbé e sápò kiri nínú oòrùn, omi lásán ló ń gún fún yín. Ẹran ọjà gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀. Òun ni kí ẹ sì máa bọ́ gbẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo padà sóko, ewúrẹ́ mẹ́ta ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní n kò lọ́wọ́ ẹran. — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìjù

Ìdáhùn: Àbúrò, má dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n ní ó lọ́wọ́ ẹran kàn ń wo ẹran rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, ó sì ń rántí ohun tó rí. Ra ìwé kan, kí o máa kọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn, ọjọ́ tí abo bí, ohun tí wọ́n jẹ, irú ojú ọjọ́, àti bí èyí tó kú ṣe kú. Láràárọ̀, wo èyí tó gbẹ̀yìn dé ìdí oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà òjò, fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wọn wò: bó bá pupa, kò séwu, bó bá funfun, ó ṣeé ṣe kí aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, títí yóò fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́.

Kí o sì ṣírò oyún. Nǹkan bí 150 ọjọ́ ni. Èyí tó bá gboyún ní oṣù kọkànlá, àárín ìjì oṣù kẹrin ló máa bí sí; ti àárín oṣù keje á bí ní oṣù kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ọyẹ́ òru wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n koríko gbígbẹ àti ògiri á ká ìyẹn. Nítorí náà, so òbúkọ rẹ mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹwàá títí oṣù kejìlá á fi parí. Ti aládùúgbò tó ń rìn gbéregbère ló kù, ọgbà ló sì gba ìyẹn.